Alẹ́ mẹ́ta péré ni ọ̀rẹ́ mi ní Lyon fún mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìrìn àjò mi ní ilẹ̀ Faransé

Olùkọ́ Faransé, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní ilẹ̀ Faransé. Saint-Denis ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ìlú tó fara ti Paris níhà àríwá, níbi tí wọ́n sin àwọn ọba Faransé sí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Èdè Faransé ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ti inú ìwé ni mo mọ̀. Ti ẹnu àwọn èèyàn inú ọkọ̀ níbí ń sáré ju etí mi lọ.

Oṣù méjì ni mo fẹ́ lò, n kò sì ní sùn ní òtẹ́ẹ̀lì kankan. Láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mìíràn ni. Ẹni tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, ọmọ Nàgó láti Pobè ní Benin ni. Lomé la ti pàdé nígbà tí wọ́n kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ Faransé láti Nàìjíríà lọ sí Village du Bénin, ilé ẹ̀kọ́ èdè Faransé kan níbẹ̀. Òun náà ń kàwé ní yunifásítì ibẹ̀. Láti ibí màá lọ sí Lyon, sọ́dọ̀ tọkọtaya Faransé kan tó ti bá wa kọ́ni rí nílé ìwé wa. Lẹ́yìn ìyẹn, Marseille, lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì tó ti di bàbá ọlọ́mọ. Ìyẹn kò tiẹ̀ bi mí lọ́jọ́ tí mo máa lọ. Ó ní kí n ṣáà máa bọ̀.

Ti Lyon ló ń dùn mí. Èmi àti àwọn èèyàn yìí ti ń kọ lẹ́tà síra wa kí íméèlì tó dé. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mò ń bọ̀, inú wọn dùn, àmọ́ ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni pé kí n dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, òpin ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù yìí, kí n sì máa lọ láàárọ̀ Àìkú. Alẹ́ mẹ́ta! Èmi tí mo ti ń ro ọ̀sẹ̀ méjì. Nílé wa, àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Ta ló ń sọ ọjọ́ tí àlejò máa kúrò fún un kó tó dé? Ṣé wọn ò fẹ́ mi ni? Àbí kí n kúkú gba ọ̀nà Marseille lọ tààrà?

Níbí náà, ara ò rọ̀ mí. Ọ̀rẹ́ mi ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní ọsibítù, kí aago márùn-ún àárọ̀ tó lù ó ti jáde. Yàrá kan àti pálọ̀ ló ní. Ó gbé ibùsùn rẹ̀ fún mi, òun ń ká ẹsẹ̀ kò sórí àga. Mo fún un lówó, ó bínú. Mo ní kí èmi sùn ní pálọ̀, ó tún bínú. Kí lèèyàn ń ṣe tí kò fi ní di ẹrù sí olóore rẹ̀ lọ́rùn? Ẹni tó bá sì mọ̀ nípa rélùwéè Lyon, kó má fi pamọ́.

Ìyá Ìbejì, Créteil

Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ jẹ́ ká fi Lyon sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń jáde láago márùn-ún, oorun lowó tirẹ̀. Tí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù, ẹ má pe Ìbàdàn lórí fóònù mọ́, torí a kì í mọ bí ohùn wa ṣe ń ròkè tó tí a bá ń bá ilé sọ̀rọ̀. Ògiri ilé ibí fẹ́lẹ́, kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín nìkan lẹ máa jí.

Ẹ bi í léèrè irú ẹ̀rọ omi gbígbóná tó ní. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, táńkì oníná ni, òru ló máa ń gbóná, nígbà tí owó iná bá wálẹ̀. Tí ẹ bá wẹ̀ tẹ́rùn láàárọ̀, tí ẹ tún fi fọ aṣọ, omi tútù ló máa bá nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Kò sì ní sọ fún yín o. Á wẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìlẹ̀kùn ńkọ́? Ìlẹ̀kùn ibí, tí ẹ bá ti fà á pa, ó ti tì nìyẹn. Kódà tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ lọ da ìdọ̀tí nù nísàlẹ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn máa ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún yúrò, pàápàá lálẹ́ àti lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ má sì pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ìwé pélébé tí wọ́n ń jù sínú àpótí lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, jìbìtì ni.

Ní ti owó, ẹ má fún un mọ́. Ẹ wọ rélùwéè RER D dé Gare du Nord, kí ẹ bọ́ sí mẹ́trò 4. Ibùdókọ̀ kejì ni Château Rouge. Ní Rue Dejean àti Rue Poulet, ẹ máa rí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo pupa, ata rodo, ẹja oríṣiríṣi. Ẹ má ṣírò owó iṣu yẹn sí náírà, ẹ ò ní lè rà á. Ẹ rà á ṣá, kí ẹ sè é sílẹ̀ kó tó dé. Kò sẹ́ni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tó bá àsáró gbígbóná nílé tó máa bínú.

Ọmọ Pobè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Òótọ́ ni, á bínú. Ẹni tí ẹ ti jọ jẹ gàrí nígbà tí kò sówó, ẹ ò lè san owó ilé fún un. Ṣé ìyá rẹ̀ ṣì wà? Tó bá wà, ẹ bi í bí ara màmá ṣe rí, kí ẹ gba nọ́ńbà wọn bí ẹni tó fẹ́ kí wọn. Kí ẹ wá fi nǹkan ránṣẹ́ sí màmá ní Pobè lórí MoMo, owó orí fóònù. Àwọn ará Benin ní Château Rouge yẹn á júwe ibi tí wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́. Kó jẹ́ pé màmá ló máa pè é láti ilé pé òun rí nǹkan gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á sì máa wúre. Kò ní lè dá a padà, kò sì ní lè bínú sí àdúrà ìyá rẹ̀.

Ti ibùsùn, ẹ lọ sí Decathlon, ilé ìtajà ohun eré ìdárayá, ẹ ra mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń fún atẹ́gùn sí. Ẹ ní ti ìrìn àjò yín ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lille

Èmi ò ní tan yín o, mà. Alẹ́ mẹ́ta, wọ́n fojú di yín. Ẹni tí a ti jọ ń kọ̀wé síra wa láti ìgbà pípẹ́? Ẹ gba Marseille lọ. Ọmọ tẹ́ ẹ kọ́ níwèé ló mọ iyì yín.

Ìyàwó Villeurbanne

Bọ̀dá Lille, ẹ rọra. Mà, ọmọ Faransé ni mo fẹ́, ẹ̀gbẹ́ Lyon níbí la ń gbé. Ìyá ọkọ mi pàápàá, tó bá ń bọ̀ wá kí ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, á ti sọ ọjọ́ àti aago rélùwéè tó máa gbé e padà kó tó gbéra. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n tiẹ̀ ní òwe kan pé àlejò àti ẹja, tó bá di ọjọ́ kẹta, májèlé ni. Mo gbọ́ ọ lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, inú bí mi. Ní báyìí, èmi náà ń pa á fún àwọn èèyàn mi.

Ẹni tí kò fẹ́ yín kò ní dá ọjọ́ rárá. Á ní kí ẹ pe òun tí ẹ bá dé Faransé, tí ẹ bá sì pè é, ọwọ́ rẹ̀ á dí. Ẹ tún wo ọjọ́ tí wọ́n mú dáadáa. Ọjọ́bọ̀ ni, kì í ṣe Ọjọ́rú. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í lọ sílé ìwé ní Ọjọ́rú, tàbí kó jẹ́ àárọ̀ nìkan, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n máa ń wà. Ó jọ pé wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ-ọmọ yẹn kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó dé. Òpin ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù September sì ni Journées du patrimoine, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1984, tí wọ́n máa ń ṣí àwọn ilé ìjọba àti ilé àtijọ́ tí ará ìta kì í wọ̀. Màá fi ìka mi búra pé wọ́n ti to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún yín: ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Fourvière lórí òkè, àwọn ọ̀nà kọ̀rọ̀ inú ilé tí wọ́n ń pè ní traboule, oúnjẹ alẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ẹ máa rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ.

Tí ọjọ́ yẹn bá kéré lójú yín, ẹ kọ̀wé sí wọn pé tí ẹ bá ń ti Marseille padà sí Paris, ẹ tún máa gba Lyon kọjá, bóyá ẹ lè sùn níbẹ̀ lálẹ́ kan tàbí méjì sí i. Wọ́n á dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú kò sì ní ti ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọn ò fẹ́ ni kẹ́ ẹ dé tán kí ẹ tó sọ pé ẹ ṣì máa dúró.

Oúnjẹ wá. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ Lyon gan-an. Bí ẹ kì í bá jẹ ẹ́, ẹ sọ fún wọn lónìí, wọn ò ní bínú. Tí ẹ bá dákẹ́ dé ìdí tábìlì ni ọ̀rọ̀ máa burú. Àmọ́ tí wọ́n bá mú yín lọ sí bouchon, ilé oúnjẹ ìbílẹ̀ Lyon, ẹ béèrè tablier de sapeur: ṣàkì màlúù ni, wọ́n fi búrẹ́dì gbígbẹ bò ó lára, wọ́n dín in. Ata nìkan ni kò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá ń gbé òdòdó lọ sílé wọn, kó má jẹ́ chrysanthème, ojú oórì ni wọ́n ń gbé ìyẹn lọ. Àdìrẹ ló máa dùn mọ́ wọn jù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lille

Ẹni tó bá fẹ́ràn mi, kó jẹ́ kí n sùn títí. Ọ̀rọ̀ tèmi kò yí padà.

Ọmọ Rélùwéè

Mà, Gare de Lyon tí ẹ ti máa wọkọ̀, inú Paris ló wà. RER D láti Saint-Denis máa já yín síbẹ̀ tààrà, kò sí pé ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ wọ òmíràn. Láti ibẹ̀ dé Lyon kò ju bíi wákàtí méjì lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé tí ẹ bá rí tíkẹ́ẹ̀tì OUIGO, rélùwéè ayára olówó pọ́ọ́kú, ẹ ka orúkọ ibùdó méjèèjì dáadáa. Òmíràn ń gbéra láti Marne-la-Vallée, òmíràn sì ń sọni sí pápákọ̀ òfurufú Saint-Exupéry, ẹ ó tún wá san owó ńlá kẹ́ ẹ tó wọ ìlú. Part-Dieu tàbí Perrache, àwọn ibùdó inú ìlú Lyon gan-an, ni kẹ́ ẹ wá. OUIGO náà, báàgì kékeré kan àti àpò ọwọ́ ló wà nínú owó rẹ̀. Àpótí ńlá, ẹ máa san owó lé e, lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni kẹ́ ẹ ti san án ṣáájú.

Torí ẹ ti lé lọ́gọ́ta, ẹ wo Carte Avantage Senior, káàdì ẹ̀dínwó rélùwéè fún àgbàlagbà. 49 yúrò lọ́dún, wọ́n ń fi yọ 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí tíkẹ́ẹ̀tì TGV INOUI, rélùwéè ayára tí kì í ṣe OUIGO, lọ́jọ́ èyíkéyìí. Kò ṣiṣẹ́ lórí OUIGO. Fún Lyon, Marseille àti ìpadàbọ̀, ó ṣeé ṣe kó mú owó ara rẹ̀ wọlé, pàápàá torí pé tíkẹ́ẹ̀tì ń wọ́n sí i bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́lé. Ẹ kọ orúkọ sára àpótí, òfin ni. Ìṣẹ́jú méjì kó tó gbéra ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn, kò sí pé ẹ ń juwọ́ sí awakọ̀. Ní Marseille, àtẹ̀gùn tó wà níwájú ibùdó Saint-Charles jẹ́ 104, ó rẹwà, àmọ́ ẹ má gbé ẹrù gba ibẹ̀. Inú ibùdó lẹ ti máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí mẹ́trò.

Nínú Paris, tí ẹ bá ń jáde lójoojúmọ́, ẹ ra Navigo, káàdì ìwọkọ̀ ọlọ́sẹ̀ kan. Ajé sí Àìkú ló ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá rà á ní Ẹtì, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tà fún un. Ẹ tún ka iye ọjọ́ tó wà lára físà yín. Ọjọ́ tí ẹ dé àti ọjọ́ tí ẹ máa kúrò wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbogbo físà ló fúnni ní 90 ọjọ́. Òmíràn kò tó bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Faransé, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo wo físà mi, ó tó. Mo lọ sí Château Rouge lánàá, èrò ibẹ̀ jọ ti Dùgbẹ̀. Mo se àsáró. Ọ̀rẹ́ mi dé, ó ṣí ìkòkò, ó jókòó láìbọ́ kóòtù. Màmá rẹ̀ ṣì wà láyé, ní Pobè. Mo ti gba nọ́ńbà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, inú mi wà pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n màá lọ. Mo kọ̀wé sí wọn nípa ẹlẹ́dẹ̀ àti nípa ìpadàbọ̀. Wọn ò tíì dáhùn, ẹ bá mi gbàdúrà. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì dé Part-Dieu. Ìbéèrè kan ló kù: ọmọ mi ní Marseille ní kí àbúrò mi tó ń bọ̀ láti Èkó lóṣù tó ń bọ̀ bá òun gbé pọ̀ǹmọ́ àti kílíṣí. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìyá Ìbejì, Créteil

Rárá o! Ẹran àti wàrà láti ìta Yúróòpù, wọ́n máa gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Kó lọ sí ọjà Noailles níbẹ̀ ní Marseille, kó wo ohun tó máa rí. Àbúrò yín lè gbé ẹja gbígbẹ, kó má ju 20 kílò lọ.

Ìyàwó Villeurbanne

Tẹ́ ẹ bá sọ̀ ní Part-Dieu, ọ̀nà àbájáde ju ẹyọ kan lọ. Ẹ bi wọ́n èwo ni wọ́n máa dúró sí.