Ọta ń kì wọnú idẹ (ìkarahun tó gba ẹ̀tù sínú) nínú ìbọn .375 mi, kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, àrìnpa o! Alaska ni mo ń gbé, ìbọn .375 H&H Magnum ni mo sì ń gbé lọ sígbó torí béárì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń di ọta oní-300 grain (ìwọ̀n bí orí ọta ṣe wúwo tó) tí mò ń lò. Mi ò kọjá ohun tí ìwé àwọn tó ṣe ẹ̀tù náà là sílẹ̀ rí.

Bí mo bá yin ọta méjì, tí mo yọ èyí tó kù nínú mágásíìnì, tí mo fi kálípà wọ̀n ọ́n, ó ti kúrú sí i. Ìbọn yìí ń ta sẹ́yìn gan-an. Bó bá ṣe ń ta ni imú ọta ń gbá ògiri iwájú mágásíìnì, tó sì ń kì wọnú idẹ. Ó ń bà mí lẹ́rù, torí agbára ẹ̀tù lè yí padà.

Mo wá fi dáì (irinṣẹ́ tá a fi ń di ọta) tẹ ẹnu idẹ mọ́ ọta. Ó dúró lóòótọ́, àmọ́ ojú ọta fọ́nká lórí páálí ní 100 yáàdì. Mo fura pé gígùn idẹ ò dọ́gba: èyí tó gùn ń gba ìtẹ̀ jù, èyí tó kúrú ò gbà á tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gé gbogbo wọn dọ́gba, kí n wá máa tẹ ẹnu wọn lọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ọta bá ti wọlé? Àbí kí ọrùn idẹ ṣáà di ọta mú pinpin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ìbọn .416 tàbí .458, tí ọta wọn tóbi ju tèmi lọ, èwo lẹ fọkàn tán?