Kì í ṣe ìbejì: orúkọ wo la ó fún òkúta méjì tó ń rìn pọ̀ lójú ọ̀run?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Nínú ìjíròrò wa lórí orúkọ Yorùbá fún àwọn òkúta tó ń rìn lójú ọ̀run, oríṣiríṣi àbá ni ẹ ti mú wá. Èyí tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe òkúta méjì tó ń jẹ́ Didymos àti Dimorphos, àti gbogbo irú wọn, ní “ìràwọ̀ ìbejì”. Ẹni tó mú àbá náà wá ní ìbejì ni Didymos túmọ̀ sí lédè Gíríìkì, àti pé ta ló tún mọ̀ nípa ìbejì ju àwa Yorùbá lọ? Mo mọ rírì àbá náà, ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tí a bá gbà wọlé lónìí ni àwọn ọmọ iléèwé yóò máa fi ronú lọ́la, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì bá a pàdé. Didymos jẹ́ òkúta ràgàjì kan tó ń yí oòrùn po. Onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Joseph Montani, ló rí i ní oṣù Kẹrin ọdún 1996, láti orí òkè Kitt Peak ní Arizona, ní Amẹ́ríkà. Ìdábùú rẹ̀ sún mọ́ mítà 800. Ọjọ́ 770 ló fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá sún mọ́ oòrùn jù, díẹ̀ ló fi jìnnà sí i ju ayé wa lọ, bíi mílíọ̀nù kìlómítà 152. Nígbà tó bá jìnnà jù, yóò ti kọjá ọ̀nà tí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ń gbà, yóò sì fẹ́ẹ̀ tó mílíọ̀nù 340. Fún ọdún méje, òun nìkan ni wọ́n rò pé ó ń rìn. Ọdún 2003 ni wọ́n tó rí i pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rẹlẹ̀, ó sì ń padà bọ̀ sípò, bí ìgbà tí ẹnì kan ń rékọjá níwájú àtùpà. Rédà Arecibo ní Puerto Rico, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wo ohun tó jìnnà, náà jẹ́rìí sí i: òkúta kejì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ìdábùú tirẹ̀ jẹ́ bíi mítà 150 sí 160, ó ń yí i po ní wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 55. Òun ni Dimorphos.

Ó yá, ọ̀rọ̀ “ìràwọ̀” ńkọ́? Àwọn kan ti sọ pé àṣìṣe gbáà ni láti pe òkúta tí kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ní ìràwọ̀. Èmi ò bá wọn lọ débẹ̀. Àwọn baba wa kò ya èyí tó ń dá ìmọ́lẹ̀ ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń yá ti oòrùn lò. Ohun tó bá ń tàn lójú ọ̀run lálẹ́, tí kì í ṣe òṣùpá, ìràwọ̀ ni. Àwọn òyìnbó náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò, asteroid, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, William Herschel, ló gbé e jáde lọ́dún 1802, ohun tó sì túmọ̀ sí ni “ohun tó jọ ìràwọ̀”. Ó mọ̀ pé ìràwọ̀ kọ́ ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe rí nínú awò tó fi ń wo ojú ọ̀run ló sọ. Ohun tó ń dá mi dúró ni pé àwọn ìràwọ̀ tòótọ́ pọ̀ lójú ọ̀run tí wọ́n ń yí ara wọn po ní méjì-méjì. Àwọn ló ni “ìràwọ̀ ìbejì”. Bí a bá ná orúkọ yẹn tán sórí òkúta, kí la ó fi ra ti ìràwọ̀ gan-an?

Àbá pé ká pe irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní “ayé kékeré” ò gba àkókò wa. Ayé ní èdè wa ní ènìyàn nínú. A ń jẹ ayé, a ń bẹ̀rù ayé, ayé ń gbọ́. Òkúta tí kò sí ẹ̀mí kankan lórí rẹ̀ kò lè jẹ́ ayé, ìbáà kéré, ìbáà tóbi.

“Àpáta òfuurufú” ni ọ̀pọ̀ nínú yín fẹ́, ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Òfuurufú ni ibi tí afẹ́fẹ́ wà, tí ẹyẹ ń fò. Níbi tí Didymos ń gbà, kò sí afẹ́fẹ́. Ìyẹn ẹyọ kan. Èkejì, àpáta kọ́ ni. Ẹ wo bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ méjèèjì: Olúmọ jẹ́ àpáta, Ìdànrè kún fún àpáta. Àpáta ní ìdí nínú ilẹ̀, kì í ṣí kúrò. Òun la fi ń ṣe ibi ìsádi. Òkúta ni èyí tó ń yí, tó ń já bọ́, tí a lè jù. Kì í ṣe títóbi ló yà wọ́n, ìdúró ni. Ohun tó ń sáré yí oòrùn po láìsinmi, bó tilẹ̀ tóbi ju Olúmọ lọ, òkúta ni. Nítorí náà, “òkúta ojú ọ̀run” ni mo fara mọ́ fún gbogbo ẹ̀yà wọn.

(Ẹnì kan dá a lábàá pé kí a mú “ẹdùn” láti inú ẹdùn àrá. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ẹdùn àrá ti ní olúwa rẹ̀, Ṣàngó ló ni í, ó sì ti bọ́ sílẹ̀ kí a tó pè é bẹ́ẹ̀. Bí a bá tún wá fi ìbejì kún un, a ó ní “ẹdùn” lẹ́gbẹ̀ẹ́ “ẹdun”, ẹranko orí igi tí a fi ń ki ìbejì. Ẹni tó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i ti da gbogbo rẹ̀ rú.)

Wàyí o, ìbejì. Kí ni ìbejì lójú Yorùbá? Wọ́n wà nínú oyún kan náà pa pọ̀, Táyé yọjú, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e. Bí a bá ra aṣọ fún ọ̀kan, a ra irú rẹ̀ fún èkejì. Àgbà wà nínú wọn, torí Kẹ́hìndé ló rán Táyé lọ tọ́ ayé wò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Ẹ wá wo àwọn òkúta wa. Ìdábùú Didymos jẹ́ bíi ìlọ́po márùn-ún ti Dimorphos. Tí a bá fi bí odindi wọn ṣe tóbi wọ̀n ọ́n, ó lé ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Wọn ò sì bí wọn pọ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ rò pé ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìtànṣán oòrùn ti Didymos díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, tó fi ń pòòyì kíkankíkan, títí ohun tó wà ní ìbàdí rẹ̀ fi ń fò kúrò lára rẹ̀, tí èyí tó fò kúrò náà sì kó ara rẹ̀ jọ di Dimorphos. Títí di òní, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú bíi 15 ni Didymos fi ń pòòyì lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ti ara ẹnìkejì jáde kì í ṣe ìbejì rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbejì tòótọ́ wà lójú ọ̀run, tí orúkọ yẹn yẹ. Hermes ni mo ń sọ. Onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Karl Reinmuth, rí i lọ́dún 1937, wọ́n sọ ọ́ nù fún ọdún 66, wọ́n tún un rí ní 2003. Nígbà tí rédà wò ó, òkúta méjì ni, ìwọ̀n wọn fẹ́ẹ̀ dọ́gba. Òmíràn ni 2017 YE5, tí wọ́n rí láti Oukaïmeden ní Morocco, nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí: òkúta méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bíi mítà 900, wọ́n ń yí ara wọn po. Ẹ pe ìwọ̀nyẹn ní “òkúta ìbejì”, màá pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá pe Didymos bẹ́ẹ̀, kò ní sí bí ọmọ tó ń kàwé yóò ṣe mọ ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti Hermes, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ gan-an.

Kí wá ni ká pè é? Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ń ṣàlàyé Didymos fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi nílé ìdáná. Mo ní, “Màmá, òkúta ńlá kan wà lọ́run, òkúta kékeré kan ò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀.” Wọn ò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Wọ́n ní, “Bí ọlọ àti ọmọ ọlọ.”

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ò ti kúrò lọ́kàn mi. Ẹ gbọ́, òkúta méjì ni ọlọ àti ọmọ ọlọ. Ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré. Èyí tó kéré ló ń rìn, èyí tó tóbi jókòó. Èdè wa ti sọ wọ́n ní ìyá àti ọmọ tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó rò pé ìbejì ni wọ́n. Kò sì mọ sórí ọlọ. Odó ní ọmọ odó. Ọpọ́n ayò ní ọmọ ayò tó ń kiri láti ojúlé dé ojúlé. Nínú agbo onílù, èyí tó tóbi tó sì ń darí ni ìyá ìlù. Ọgbọ́n tí èdè ń lò nìyí: nínú ohun tó so kọ́ ara wọn, èyí tó kéré tó ń rìn ni ọmọ. A ò ní láti wá ọ̀nà tuntun. Ọ̀nà ti là sílẹ̀.

Nítorí náà, “òkúta ọlọ́mọ” ni mo mú wá fún irú Didymos, “ọmọ” sì ni Dimorphos. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní “òṣùpá” ni ká pe Dimorphos, bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n òṣùpá la fi ń ka oṣù, òun ló ń mọ́lẹ̀ fún wa. Ẹlòmíràn ti mú “alábàárìn” wá, ó sì rán wa létí òwe àwọn àgbà: àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Òwe yẹn gan-an ló ta ko àbá náà. Àgùàlà (Venus) àti òṣùpá jọ ń rìn lójú wa ni, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Àgùàlà ní ọ̀nà tirẹ̀ yí oòrùn po. Alábàárìn lè yà nígbà tó bá wù ú. Dimorphos ò lè yà.

Èyí gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ ìrìn wọn, níbi tí mo ti rí àdàlù jù nínú ohun tí a ti kọ sílẹ̀. A ń lo “ìyípo” fún ohun méjì. Didymos ń yí oòrùn po ní ọjọ́ 770. Didymos tún ń yí lójú kan ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí “ìyípo” bá jẹ́ ti méjèèjì, a ò sọ nǹkan kan. Òkòtó tí ọmọdé ta, tó dúró sójú kan tó ń yí, ó ń pòòyì. Ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn, tó ń rìn yí èèkàn ká, ó ń yí i po. Ẹ jẹ́ kí “ìpòòyì” dúró fún ti òkòtó, kí “ìyípo” dúró fún ti ewúrẹ́. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà tẹ̀ sórí ilẹ̀ ni “ojú ọ̀nà ìyípo”. Mi ò fẹ́ “òbíírí” fún un, nítorí òbíírí ní láti rí roboto, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Didymos gùn lápá kan, bí ẹyin.

Ewúrẹ́ àti èèkàn yìí tún wúlò fún ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. NASA, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ojú ọ̀run, fi ọkọ̀ kan tí kò ní èèyàn nínú, DART, kọlu Dimorphos ní iwájú bó ṣe ń bọ̀. Ọkọ̀ náà kò wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, ṣùgbọ́n kìlómítà mẹ́fà ló ń sá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn kan kọ ọ́ pé ó “tì í jìnnà”. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Eré Dimorphos dínkù, òòfà Didymos, ìyẹn agbára tí ohun ńlá fi ń fa nǹkan mọ́ra, fà á sún mọ́ra ní bíi mítà 37, ó sì ń parí ìyípo kan báyìí ní wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú bíi 22. Ìṣẹ́jú 33 ti kúrò níbẹ̀. Bí a bá gé okùn ewúrẹ́ kúrú, kò ní pẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀ kó tó yí èèkàn po. Nítorí náà, “kọlù” ni ká kọ, kì í ṣe “tì”. Ọ̀nà rẹ̀ tó rí roboto tẹ́lẹ̀ náà sì ti gùn díẹ̀, ìyẹn tún jẹ́ ẹjọ́ kan lòdì sí “òbíírí”.

Orúkọ wọn gangan, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ wọ́n ní Táyé àti Kẹ́hìndé. Dimorphos túmọ̀ sí “onírìísí méjì”. Ọdún 2020 ni wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí DART tó gbéra rárá, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìrísí kan ni aráyé yóò mọ̀ ọ́n sí kí ọkọ̀ náà tó kàn án, òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá kò lè sọ ìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì rí ojú rẹ̀ tán. Àwòrán tí DART rán wálé kó tó fọ́ fi hàn pé Dimorphos kì í ṣe òkúta kan ṣoṣo. Òkúta ńlá àti wẹ́wẹ́ ló kó ara wọn jọ, kò sí amọ̀ tó lẹ̀ wọ́n pọ̀, òòfà wọn nìkan ló so wọ́n, ó sì pẹlẹbẹ díẹ̀ lórí àti nídìí bí àgbálùmọ̀ tí a tẹ̀. “Òkìtì” ni ọ̀pọ̀ yín kọ. Ó dára, ṣùgbọ́n òkìtì ọ̀gán le koránkorán. “Ebè” ló ń wá sí mi lọ́kàn, torí a kó ebè jọ ni, bí a bá fi ọkọ́ kàn án, yóò tú, síbẹ̀ ó dúró, ó ń gbé iṣu. “Ebè òkúta”, àbí? Hera, ọkọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù rán lọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 láti lọ wo ojú ibi tí DART kọlù, ń lọ bá wọn. Bí ó bá débẹ̀, yóò sọ bóyá ihò ló wà níbẹ̀ tàbí gbogbo ara rẹ̀ ló yí padà, ìyẹn yóò sì ràn wá lọ́wọ́ láti yan ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ kí ó tó dìgbà náà. Ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ̀yin ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́: ọ̀rọ̀ wo lẹ ní fún ebè tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, kí sì ni ẹ ń pe ọmọ ọlọ lọ́dọ̀ yín?