Ẹwà ojú tàbí ìmọ̀lára nínú fíìmù Fellini?

Ìbéèrè, láti Bódìjà, Ìbàdàn: Ẹ̀yin ará, mo wo Giulietta degli spiriti (Giulietta ti Àwọn Ẹ̀mí), fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí Federico Fellini, olùdarí fíìmù ará Ítálì, ṣe ní aláwọ̀, ní 1965. Aṣọ àti àwọ̀ rẹ̀ gbà mí lójú pátápátá, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ní àlè kò wọ̀ mí lọ́kàn. Kí ló fà á?

Èsì: Ẹ̀gbọ́n, ojú Giulietta Masina, ìyàwó Fellini fúnra rẹ̀ tó kó ipa obìnrin náà, ni kí ẹ máa wò; bí àwọn ìran àlá náà ti ń pariwo tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dákẹ́ sí i, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló dùn mí jù lọ.

Èsì: Oníbèérè ni mo gbè. Aṣọ egúngún ń bà wá lẹ́rù nítorí pé a mọ ará ọ̀run tí ó gbé e wọ̀. Àwọn ẹ̀mí inú fíìmù yìí ń kọjá lọ kí a tó mọ̀ wọ́n.