Hítà gáàsì nínú ilé-tírélà lásìkò òtútù: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Alárìnká

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ti sun inú ilé-tírélà (ilé onítáyà tí ọkọ̀ máa ń fà) rí níbi tí omi ti ń di yìnyín mọ́jú yóò ní nǹkan tó fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Sílíńdà méjèèjì kún, mo ti gbé wọn wò kí n tó wọlé. Láàárín òru, imú mi ló jí mi, ó ti tutù bí imú ajá. Mo ń gbọ́ fáànù hítà tó ń yí, àmọ́ atẹ́gùn tútù ló ń fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Ó yí díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìró "fùú" tí gáàsì máa ń ṣe tó bá gbiná, n kò gbọ́ ọ rárá. Ẹni tí a jọ lọ ti ń wá bàtà kiri nínú òkùnkùn, ó fẹ́ jáde lọ wo gáàsì. Mo ní kó farabalẹ̀. Mo wo mítà bátìrì: fóltì mẹ́wàá àti díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yé mi: ó ti rẹ bátìrì.

Ẹ wò ó, nínú hítà tó ní fáànù, bébà irin pẹlẹbẹ kan wà tí atẹ́gùn gbọ́dọ̀ tì kí hítà tó gbà láti ṣí gáàsì. Tó bá rẹ bátìrì, fáànù á máa falẹ̀, atẹ́gùn rẹ̀ ò ní lágbára tó láti ti nǹkan ọ̀hún, iná ò sì ní tàn. Ààbò ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fi í síbẹ̀, kí iná má baà máa jó níbi tí kò sí atẹ́gùn tó máa gbé ooru rẹ̀ lọ. Fáànù yẹn sì ń jẹ iná bátìrì: tó bá ń yí, ó lè fa iná tó tó ámpíà 7 sí 10. Bátìrì oní-òjé kan ṣoṣo, tí kò yẹ kéèyàn lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, tí òtútù tún ti dín agbára rẹ̀ kù, ṣé ìyẹn ló máa gbé e mọ́jú? Gáàsì ni gbogbo ayé máa ń bú, bátìrì gan-an ni olè.

A gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré jìnnà sí fèrèsé, a tan án, hítà sì gbiná lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ìbejì

Tiwa ò jẹ mọ́ bátìrì, ẹ̀gbọ́n. Omi ni.

Hítà kékeré tí kì í lo iná mànàmáná la lò, èyí tó máa ń pọ́n yòò lójú, tí kò ní ihò tí èéfín ń gbà jáde. Ó gbóná dáadáa, kò pariwo, inú mi dùn sí i. Nígbà tó di òwúrọ̀, fèrèsé ti ń sunkún. Mo nù ún, ó tún ń ṣàn. Mo wá wo ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn: gbogbo orí súkúrù tó wà lára pákó ló ti ní yìnyín funfun bíńtín lórí, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irin ló ń gbé òtútù ìta wọlé, omi inú ilé wá ń dì mọ́ ọn. Mo fa ìrọ̀rí ọmọ kan, ó ti lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo gbé fóòmù sókè, abẹ́ rẹ̀ tutù rinrin.

Ohun tí èèyàn kì í rò ni pé omi ló ń jáde láti inú iná. Kílò kan própéènì, ìyẹn gáàsì inú sílíńdà wa, tó bá jó á mú omi tó ju kílò kan ààbọ̀ lọ jáde, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú yàrá pẹ̀lú yín bí hítà náà ò bá ní ihò èéfín. Ẹ fi èémí èèyàn mẹ́rin kún un. Hítà tó ní fáànù ń lé omi tirẹ̀ jáde pẹ̀lú èéfín, nítorí náà òun la wá ń lò lóru, kékeré yìí di ti ojúmọmọ nìkan, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí díẹ̀ àti ihò òrùlé pẹ̀lú. Bàbá wọn ń ráhùn pé ooru ni mò ń dà síta. Mo ní kó wá sùn sápá ibi tí fóòmù ti tutù, ló bá dákẹ́.

Oníwáyà

Fèrèsé ṣíṣí yẹn ju ọ̀rọ̀ omi lọ o, ìyá wa. Hítà tó ń jó nínú yàrá ń mí afẹ́fẹ́ tí ẹ̀yin náà ń mí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń tán, iná ò ní jó délẹ̀ mọ́, kábọ́ọ̀nù mọnọ́ṣáídì ló sì máa ń jáde. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tó ń fà á símú lè rò pé ibà tàbí àárẹ̀ ọ̀nà ló ń fọ́ òun lórí.

Hítà tó ní ihò èéfín gan-an, kì í ṣe pé ó bọ́ nínú rẹ̀. Ìjì fẹ́ mọ́jú níbi tí a wà, yìnyín sì wọ́ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà ẹnìkan tí a jọ dúró síbẹ̀, ó bo ojú ihò èéfín rẹ̀. Álámù rẹ̀ tó ń ṣọ́ kábọ́ọ̀nù mọnọ́ṣáídì han. Ó fẹ́ yọ bátìrì álámù ọ̀hún kó lè padà sùn! Ìyàwó rẹ̀ ló kọ̀ jálẹ̀, ó kó gbogbo ilé síta nínú aṣọ ìsùn, ó sì wá kanlẹ̀kùn wa. Ṣọ́bìrì ni a fi gbẹ́ yìnyín kúrò lẹ́nu ihò náà. Ọ̀rọ̀ mi le lórí èyí: ẹni tó bá yọ bátìrì álámù, kó má pe èmi rìnrìn àjò.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn álámù yín, wọ́n máa ń kọ ọjọ́ tí ẹ̀mí rẹ̀ máa pin síbẹ̀. Èyí tó ń ṣọ́ gáàsì tó ń jò, ìtòsí ilẹ̀ ni ipò tirẹ̀, torí própéènì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń wọ́ sí. Ẹ má fi àpò ẹrù dí i lójú.

Bàbá Awakọ̀

Mo kí yín o, ẹ̀yin ọmọ mi. Sílíńdà ni tèmi.

Ibi tó móoru ni a ti gba gáàsì kí a tó kọrí sókè. Nígbà tí a dé ibi òtútù, mo ń mi sílíńdà, mo ń gbọ́ omi gáàsì tó ń rọ́ gbọ̀ngbọ̀n nínú rẹ̀, síbẹ̀ iná hítà ò ju ti àbẹ́là lọ. Bútéènì, irú gáàsì mìíràn tí wọ́n máa ń pò mọ́ própéènì, ti wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀. Bútéènì kì í di atẹ́gùn mọ́ bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo díẹ̀ báyìí. Própéènì ní tirẹ̀ á máa hó títí dé nǹkan bí -42 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ní ibi tó móoru, kò sẹ́ni tó máa mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ bi ẹni tó ń ta gáàsì kí ẹ tó gbọ̀nà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní ká dáná díẹ̀ sábẹ́ sílíńdà kó lè ta jí. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Iná lábẹ́ sílíńdà? Bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná mànàmáná tí wọ́n dìídì ṣe fún sílíńdà wà, ìyẹn dára. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ gba sílíńdà tó kún: bí gáàsì inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló máa ń rọrùn fún un láti hó.

Ẹ tún rọra máa ṣí ẹnu rẹ̀. Tí ẹ bá ṣí i lójijì, ohun ìdènà inú rẹ̀ lè rò pé rọ́bà ti já, á sì fún gáàsì lọ́rùn. Ẹ ti í pa, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún ṣí i jẹ́jẹ́.

Ẹlẹ́sẹ̀ Ọ̀nà

Tèmi kò gùn. Níbi tí iná mànàmáná wà, hítà iná mànàmáná la gbé sínú yàrá ká lè fi gáàsì pa mọ́. Inú ilé móoru, tẹmọ́sítáàtì tó ń wọn ooru yàrá láti tan hítà rí i pé ó móoru, hítà gáàsì ò sì tàn rárá. Hítà gáàsì yẹn ló sì ń fẹ́ ooru sí ikùn tírélà, níbi tí páìpù omi wà. Mo ṣí ẹ̀rọ omi láàárọ̀, ó kọ̀.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n Alárìnká, sílíńdà kan máa ń pẹ́ tó báwo?

Alárìnká

Oníkílò 9 ní ooru tó tó nǹkan bí 430,000 BTU (òṣùwọ̀n ooru ni BTU). Hítà tó ń jó 30,000 ní wákàtí kan á jó o tán ní nǹkan bí wákàtí 14 tó bá ń jó láìdákẹ́. Àmọ́ ó máa ń sinmi. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò ló fi ń jó, á lé ní ogójì wákàtí. Tí ìjì bá ń fẹ́, ẹ má gbára lé ìyẹn.

Mo máa ń ti ẹnu sílíńdà kejì pa. Rẹgulétọ̀ (ohun tó ń darí gáàsì láti sílíńdà wọ hítà) tó ń yí láti ọ̀kan sí èkejì fúnra rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá ṣí sílẹ̀, tí ẹ kò sì wo ojú rẹ̀, ẹ lè má mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ ti tán títí tí èkejì náà á fi tán.

Ìyá Ìbejì

Bí àkọ́kọ́ bá wá tán lóru ńkọ́, ta ni yóò jáde lọ ṣí èkejì?

Alárìnká

Ẹni tó bá sùn sápá ilẹ̀kùn.