Mo wà ní 300 level nínú ìmọ̀ ìṣirò: níbo ni mo ti lè rí iṣẹ́ ìwádìí ṣe kí n tó jáde?

Ọmọ Ìṣirò 300L: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Yunifásítì ìjọba ni mo wà níhìn-ín ní Nàìjíríà, CGPA mi (àròpín máàkì mi) jẹ́ 4.21. Mo rí ètò REU (ètò ìwádìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè) ti Amẹ́ríkà lóríṣiríṣi tí wọ́n ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ kí ó wá ṣe ìwádìí. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fọ́ọ̀mù wọn? Kò sì sí olùkọ́ tó mọ̀ mí dáadáa. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Baba Láàbù: Àbúrò, fi REU sílẹ̀. Àjọ NSF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló ń gbé owó rẹ̀ kalẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé níbẹ̀ ni owó náà sì wà fún. Ètò ìwádìí RISE tí DAAD, àjọ Jámánì fún pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ń ṣe kò yàtọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà, Kánádà, Bírítéènì àti Ireland ni wọ́n ń gbà. Bí o bá ní ìbátan tó ń kàwé ní London tàbí Houston, òun ni kí o fi ṣọwọ́ sí. Ibi tí wọ́n kọ ẹni tó lè forúkọ sílẹ̀ sí ni kí o máa kọ́kọ́ wá, kí ojú rẹ tó lọ síbi iye owó.

Èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fún ọ: CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ní Geneva, ní ètò ìgbà ooru fún akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ń gba onímọ̀ ìṣirò àti kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, àmọ́ o ní láti ti parí ọdún 3 ó kéré tán. Ìparí oṣù kìíní ni wọ́n sábà máa ń ti ìforúkọsílẹ̀ pa. OIST, yunifásítì ìwádìí ní Okinawa, ní ilẹ̀ Japan, ń gba ẹni tó ti ń sún mọ́ ìparí ẹ̀kọ́; wọ́n ń san owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti yàrá, pẹ̀lú owó díẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wo àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí bíi ISTA ní Austria àti KAUST ní Saudi Arabia náà. Ṣùgbọ́n fi ọjọ́ wọn wé kàlẹ́ńdà yunifásítì rẹ. Bí ìyanṣẹ́lódì bá ti sún sẹ̀mẹ́sítà síwájú, oṣù kẹfà sí ìkẹjọ lè bọ́ sáàárín ìdánwò.

Alákọsílẹ̀: Baba Láàbù ti fi ilẹ̀kùn hàn ọ́, lẹ́tà ìjẹ́rìí ló máa ń ti í mọ́ ọ̀pọ̀ wa lójú. Olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́ yóò kọ ọ́ pé o jẹ́ ọmọlúàbí, o sì ń wá sí kíláàsì déédéé. Kò sí ẹni tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń ràn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ kà ni pé: ìṣòro báyìí ni mo gbé fún un, ibi báyìí ló há sí, ọgbọ́n báyìí ló fi jáde.

Fún olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 láti kọ ọ́. Líǹkì tí àwọn elétò máa fi ránṣẹ́ sí i láti fi lẹ́tà náà sílẹ̀ sábà máa ń bọ́ sínú spam, nítorí náà, lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lọ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì olùkọ́ náà: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi yẹ spam yín wò.” Kọ CGPA rẹ sílẹ̀ báyìí: 4.21/5.00. Lójú ẹni tó mọ òṣùwọ̀n 4.00 nìkan, 4.21 lásán yóò dà bí irọ́. Má sì fúnra rẹ yí i padà sí ti 4.00. Bí wọn kò bá fún ọ ní transcript nítorí pé o kò tíì jáde, tẹ èsì rẹ jáde láti orí portal, kí HOD (olórí ẹ̀ka yín) fọwọ́ sí i, kí wọ́n lu òǹtẹ̀.

Ìyá Máíkírósíkóòpù: Ẹ má gbàgbé IT, ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe níta, o! SIWES, ètò ìjọba tó wà fún un, ti wà láti 1973, síbẹ̀ báǹkì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìṣirò ń sáré lọ, wọ́n á wá jókòó ti ẹ̀rọ fọtokópì. Ìbàdàn ní IITA (ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) àti CRIN (ìwádìí kòkó). NIMR (ìwádìí ìṣègùn) wà ní Yábàá, FIIRO (ìwádìí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá) wà ní Òṣòdì. Dátà ń bẹ nílẹ̀ níbẹ̀ ju ọwọ́ tó ń ṣe é lọ. Kọ́ R (èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò dátà) fún oṣù kan ṣáájú, kí o lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí o fi ń tọrọ àyè pé o lè ṣe ANOVA (ọ̀nà ìfi àròpín wéra), kí o sì ya àwòrán èsì rẹ̀. Gbé lẹ́tà náà lọ fúnra rẹ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú.

Onídómínò: Gbogbo rẹ̀ dára, àmọ́ ẹni tí kò tíì ṣe nǹkan kan kò ní ohun tí yóò fi han olùkọ́. Má lọ sọ pé “Mo fẹ́ ṣe ìwádìí, sà.” Gbé iṣẹ́ kékeré lọ. Bí àpẹẹrẹ: ọ̀nà mélòó ni a lè gbà fi ọmọ dómínò 1×2 bo pátákó 3×2 láìsí àlàfo? Mẹ́ta. 3×4 jẹ́ 11, 3×6 jẹ́ 41, 3×8 jẹ́ 153. Ìlànà rẹ̀: fi 4 sọ iye tó gbẹ̀yìn di púpọ̀, kí o yọ èyí tó ṣáájú rẹ̀ kúrò. 4×41 − 11 = 153. Tẹ 3, 11, 41, 153 sínú OEIS (àkójọ ọ̀wọ́ nọ́ńbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), wàá rí i pé wọ́n ti ṣe é tipẹ́. Kò burú. Yí ìbéèrè náà padà díẹ̀, kí o tún un kà, kí èdè kọ̀ǹpútà Python bá ọ kà á títí dé ibi tí ọwọ́ kò lè dé.

Ọmọ Ìṣirò 300L: Ẹ ṣé gan-an ni. Onídómínò, mo gbìyànjú 3×3, kò ṣeé ṣe rárá.

Onídómínò: Ihò 9 ni, dómínò kọ̀ọ̀kan sì ń gba 2. Gé ihò igun kan kúrò.

Ọmọ Ìṣirò 300L: Ó di ọ̀nà 4! Mo gé igun 3×5 náà, 15. 3×7, 56. Ìlànà kan náà ló tún jáde: 4×15 − 4 = 56.

Onídómínò: Ìyẹn náà wà nínú OEIS. Ìdí tí ìlànà kan náà fi bá pátákó méjèèjì mu ni kí o wá kọ báyìí: ojú ewé kan, ní LaTeX (ohun èlò ìtẹ ìwé ìṣirò), pẹ̀lú ẹ̀rí tó pé. Wá olùkọ́ tó ń kọ́ yín ní combinatorics tàbí linear algebra, so ojú ewé náà mọ́ ìmeèlì rẹ, kí o sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: bí a bá gé igun méjì ńkọ́?