Báwo la ṣe lè kọ́ àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì nípa ètò ìtọ́jú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì (àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ láti di ògbógi) ní ilé-ìwòsàn wa, níbí ní Nàìjíríà, nípa bí a ṣe ń darí ìtọ́jú àti bí a ṣe ń tún ètò ìlera ṣe.

Wọ́n mọ oògùn, wọ́n mọ iṣẹ́ abẹ. Ohun tó ń dá aláìsàn dúró gan-an ni kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ìyálọ́mọ ń ṣẹ̀jẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń gba káàdì, ó ń tò síbi ìsanwó, ó ń sáré lọ ra ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́, ó tún ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri. Òfin NHIA (àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀) ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan, síbẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì ò mọ bí kóòdù tí HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera, fi ń fọwọ́ sí ìtọ́jú ṣe ń jáde. Ní Amẹ́ríkà, láti 1999 ni ACGME, àjọ tó ń fọwọ́ sí ètò ìkọ́ṣẹ́ rẹ́sídẹ́ǹtì níbẹ̀, ti fi irú ìmọ̀ yìí sára ohun mẹ́fà tí rẹ́sídẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ ní.

Èrò mi ni pé kí rẹ́sídẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé aláìsàn kan láti ẹnu géètì dé orí bẹ́ẹ̀dì, kó kọ gbogbo ibi tí àkókò ti ṣòfò sílẹ̀, kó mú ẹyọ kan níbẹ̀ tún ṣe, kó sì tún un wọ̀n. Lẹ́kíṣọ̀ nìkan ò lè ṣe é, ó dá mi lójú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe rí àyè fún un láàárín kọ́ọ̀lù (iṣẹ́ àṣemọ́jú)? Kí lẹ ṣe tí àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ará fáílì àti àwọn akáǹtì ò fi rò pé à ń ṣọ́ wọn?