Kíkọ ohun tí ìjọ dì mú sílẹ̀ láìtú ìjọ ká: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

akọ̀wé_Mákùn

Mo kí gbogbo ilé o. Ìgbìmọ̀ ìjọ ní ká kọ àwọn ohun tí ìjọ wa dì mú sílẹ̀ kí ìkórè oṣù Kọkànlá tó dé, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní core values. Ṣàgámù la wà, a tó bí 120 lọ́jọ́ Ìsinmi: oníṣòwò, olùkọ́, awakọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá ní kókó 14: ìfẹ́, ìwà mímọ́, òtítọ́, ìtayọ, ìṣọ̀kan, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ gan-an ò lè kà á lórí.

Ibi mẹ́ta ló ti ń ta wá lẹ́gùn-ún. Àwọn àgbà fẹ́ kí gèlè wọ inú rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ pé obìnrin kò gbọdọ̀ wọ ṣòkòtò wá; àwọn ọ̀dọ́ ní bí ìyẹn bá wọlé, àwọn ò ní fọwọ́ sí i. Ìjọ mẹ́rin ládùúgbò tún ti pè wá sí ìsọjí alájọṣe ní oṣù Kejì. Méjì nínú wọn ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, àwa kì í ṣe é. Èyí tó kù ni pé a ò fẹ́ kó di ohun tí a lẹ̀ mọ́ ògiri tí aláǹgbá ń sá kọjá lórí rẹ̀. Ìgbésẹ̀ ni mò ń wá o, mo ti gbọ́ ìwàásù tó.

Ìyá_Olùkọ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, akọ̀wé. Ẹ pa kókó 14 yẹn tì ná. Ẹ gbé ìwé owó ìjọ ti oṣù 12 tó kọjá, kí ẹ fa òpó márùn-ún sínú ìwé: owó oṣù òṣìṣẹ́, ilé àti ẹ̀rọ, ayẹyẹ, ìrànlọ́wọ́ aláìní, ìhìnrere. Gbogbo náírà tó jáde, ẹ wá ibi tó wọ̀ sí. Bí ayẹyẹ bá gba ₦800,000, tí ìhìnrere gba ₦35,000, ẹ ti rí ohun tí ìjọ dì mú, yálà ẹnikẹ́ni kọ ọ́ tàbí kò kọ ọ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí ìsìn pẹ̀lú. Ẹ fi aago wọn ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin: ìṣẹ́jú mélòó ni ìfilọ̀, mélòó ni ìwàásù, mélòó ni ọrẹ oríṣiríṣi. Àbájáde rẹ̀ sábà máa ń ti ojú àgbà.

Ẹni méje tó láti ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo wọn jẹ́ bàbá ìjọ àti ìyá ìjọ. Kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méjì nínú ìjọ, nítorí òun nìkan ló ṣì ń rí ohun tí ojú yín ti mọ́ lára. Kí ẹnì kan wà tí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí. Nílùú wa níbí, kò sí ìdílé tí ẹ kò ní rí wọn, àwọn ló mọ bí ọ̀rọ̀ yín ṣe ń dún létí ará ilé. Kí àlùfáà wà níbẹ̀, àmọ́ kí ó má ṣe jẹ́ òun ni alága. Bí òun bá kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ ibòmíràn ni ìwé náà bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó; ohun tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ti di ìjà.

Ẹ wá gbé igbá mẹ́ta kalẹ̀. Igbá kìn-ín-ní ni ìgbàgbọ́: ohun tó jẹ́ pé bí a bá yọ ọ́, a kì í ṣe Kristẹni mọ́. Igbá kejì ni ohun tí a dì mú: bí ìjọ tiwa ṣe yàn láti máa gbé ìgbàgbọ́ náà jáde. Igbá kẹta ni àṣà. Ọ̀pọ̀ ìjà inú ìjọ, ohun inú igbá kẹta ni wọ́n gbé sínú igbá kìn-ín-ní. Ohun tí ẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò rèé: bí a bá ní kí ẹgbẹ́ ìhìnrere lọ bẹ̀rẹ̀ ìsìn láàárín àwọn Hausa oníṣòwò obì ní Sábó Ṣàgámù, ṣé a máa bèèrè nǹkan yìí lọ́wọ́ wọn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, igbá kẹta ni. Ohun tí àwọn àpọ́sítélì ṣe nínú Ìṣe 15 nìyẹn: ọ̀rọ̀ ìkọlà gbóná gan-an, ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin péré ni wọ́n kọ ránṣẹ́ sí àwọn Kèfèrí.

Bí ẹ bá ti wá ń kọ ọ́, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí "ìfẹ́". Kò sẹ́ni tó máa ní òun lòdì sí ìfẹ́, nítorí náà kò darí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ gbólóhùn tí kò ju ọ̀rọ̀ 10 lọ, kí ẹ fi "nítorí náà" sábẹ́ rẹ̀, kí ohun kan tí ẹ kò ní ṣe mọ́ sì wà níbẹ̀. Báyìí:

*A ń sọ òtítọ́ nípa owó.* Nítorí náà, ẹni méjì tí kò bára tan ló ń ka ọrẹ, wọ́n á sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó kúrò nínú yàrá. Àkọsílẹ̀ owó máa wà lára pátákó ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù. A kò ní ka orúkọ ẹni tí kò tíì san owó ìkórè létí ìjọ mọ́.

*À ń gba àlejò bí ọmọ ilé.* Nítorí náà, ìlà méjì ẹ̀yìn jẹ́ ti ẹni tó pẹ́ dé. Ẹnì kan máa pe àlejò kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. A kò ní mú un dìde níwájú gbogbo èèyàn kó wá máa ṣàlàyé ara rẹ̀.

Gbólóhùn tí ẹ kò bá rí "nítorí náà" fún, ẹ pa á rẹ́. Ẹ máa rí i pé 14 yẹn á di mẹ́rin tàbí márùn-ún fúnra rẹ̀.

ọmọ_Ìjẹ̀búIgbó

Mo fara mọ́ igbá mẹ́ta Ìyá wa, àfi ibì kan. Ẹ má kàn ju gèlè sínú igbá kẹta níṣojú àwọn ìyá àgbà kí ẹ sì ní kí wọ́n dìbò. Ẹ máa borí nínú ìbò, ẹ ó sì pàdánù àwọn èèyàn náà. Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ ló ń se oúnjẹ, àwọn ló ń bẹ aláìsàn wò, àwọn ló ń gba àwẹ̀ ìjọ. Tí wọ́n bá yọwọ́, ìhìnrere tí ẹ ń wí dúró nìyẹn.

Ẹ bi wọ́n pé kí ló wà lábẹ́ gèlè yẹn. Bí ẹ bá fi sùúrù bèèrè, ohun tí wọ́n máa sọ kò ní jẹ́ aṣọ mọ́. Wọ́n á ní àwọn ọmọ òde òní ń wọ ilé Ọlọ́run bí ẹni ń wọ ọjà, wọ́n ń tẹ fóònù nígbà àdúrà, wọn kì í kí àgbà. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń wá, gèlè ni ojú rí. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: *À ń wọ iwájú Olúwa pẹ̀lú ọ̀wọ̀.* Lábẹ́ rẹ̀: a ń pa fóònù, a ń dé kí orin àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọmọdé ń kí àgbà, ẹnikẹ́ni kò sì ní dá obìnrin padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí ohun tó wọ̀ tàbí tí kò wé. Àwọn àgbà rí ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń béèrè, ọ̀dọ́ náà rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Kí ìyá àgbà kan fúnra rẹ̀ ka gbólóhùn yẹn fún ìjọ. Bí ọ̀dọ́ bá kà á, àwàdà ni wọ́n máa pè é.

ará_Ògèrè

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìsọjí. Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa. Ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ìfúlúẹ́ńsà, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà St Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ fún àdúrà, J. B. Sadare sì wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Àwọn ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Nígbà tó fi di 1922, wọ́n ti jáde kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, nítorí wọn kò fara mọ́ lílo oògùn àti ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Ara gbòǹgbò ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) ni wọ́n. Ẹ má wá rò pé ìgbìmọ̀ ìsọjí yín máa yanjú rẹ̀ láàárín wákàtí méjì ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Ìṣọ̀kan tó ní kí gbogbo ènìyàn di ẹyọ kan máa ń ṣòro. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1965 ni Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian mú láti di ìjọ kan ní Nàìjíríà. Kò ṣẹlẹ̀ títí dòní, ọ̀rọ̀ dúkìá sì wà lára ohun tó dá a dúró. Ṣùgbọ́n Ìjọ Olúwa Aládúrà, tí Josiah Ositelu dá sílẹ̀ ní Ògèrè ní 1930, wọ inú World Council of Churches, àjọ àwọn ìjọ lágbàáyé, ní 1975, wọ́n sì ń ṣe àjọ̀dún Táborà wọn lóṣù Kẹjọ ọdọọdún. Ẹni tó mọ ohun tó dì mú kì í bẹ̀rù àtijókòó pẹ̀lú ẹlòmíràn.

Nítorí náà ẹ kọ àdéhùn ojú ìwé kan, kí ìjọ márààrún fọwọ́ sí i kí ẹ tó tẹ pósítà. Ẹnikẹ́ni kò ní mẹ́nu kan ìrìbọmi lórí pèpéle, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní ṣe ìrìbọmi kankan níbẹ̀. Owó ni kókó kejì, òun ló sì máa ń ba ìsọjí jẹ́ ju ẹ̀kọ́ lọ: ẹ má fi í sí àkáǹtì ìjọ kankan. Ẹ kó o sí èyí tí ẹni mẹ́ta láti ìjọ mẹ́ta á jọ máa fọwọ́ sí, kí ẹ sọ ṣáájú ibi tí àṣẹ́kù ń lọ. Bí ẹ kò bá sọ ọ́ ṣáájú, àṣẹ́kù ₦20,000 tó láti dá ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́wàá rú.

Ìkẹta ni orúkọ àwọn tó bá jáde wá gba Olúwa. Ibẹ̀ ni jíjí àgùntàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ káàdì: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdúgbò, àti ìbéèrè kan, "Ìjọ wo ni ẹ fẹ́ kó wá kí yín?" Ẹni náà ló máa yàn, bí kò bá yàn, ìjọ tó sún mọ́ ilé rẹ̀ jù lọ ló ni ín. Ẹni tó bá ti ní ìjọ tẹ́lẹ̀, ẹ dá a padà síbẹ̀. Kí wọ́n pín káàdì náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kí ìpè àkọ́kọ́ má ju wákàtí 48 lọ. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni náà á ti gbàgbé ìdí tó fi jáde.

Ẹ yẹ kàlẹ́ńdà wò pẹ̀lú. Ẹ bèèrè ọjọ́ Orò láàfin, nítorí kò sí ẹni tó máa jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ pe ará Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ má fi í sí ọjọ́ kẹta Iléyá: Ojúde Ọba ni, gbogbo régbérégbé ti wà nínú aṣọ wọn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ má kọ ojú rẹ̀ sí mọ́ṣáláṣí, kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà ìrun Iṣáì, kí ẹ pa á ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tí ariwo yín kò jẹ́ kó sùn kò ní wá gbọ́ ìhìnrere lẹ́nu yín lọ́jọ́ kejì.

akọ̀wé_Mákùn

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè méjì ló kù. Bí àlùfáà tuntun bá dé tó ní ìran tirẹ̀ ńkọ́? Ṣé bébà lásán la máa tẹ káàdì náà sí?

Ìyá_Olùkọ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìgbìmọ̀ ìjọ ló máa fọwọ́ sí ìwé náà, kí ó sì wà nínú ohun tí wọ́n máa fà lé àlùfáà tuntun lọ́wọ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti ìwé báńkì. Kí ẹnikẹ́ni má yí i padà kó tó pé ọdún mẹ́ta. Ní ìparí oṣù mẹ́tamẹ́ta, ẹ mú gbólóhùn kan, kí ẹ béèrè nípàdé ìgbìmọ̀ pé níbo la ti ṣe é, níbo la ti yẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú 20 tó fún un.

ará_Ògèrè

Bébà yóò rọ lọ́wọ́ tó ń làágùn. Ẹ lo páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò dán, nítorí bírò kì í mú lórí èyí tó ń dán. 300 tó fún alẹ́ mẹ́ta, kí ẹ so bírò mọ́ tábìlì pẹ̀lú òwú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ alẹ́ àkọ́kọ́ ni gbogbo rẹ̀ máa bá wọn lọ ilé.

akọ̀wé_Mákùn

Ó ti yé mi. Ìwé owó ni màá kọ́kọ́ gbé lálẹ́ Ọjọ́rú, kí akápò má tíì mọ ìdí rẹ̀.

Ìyá_Olùkọ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ sọ fún akápò o. Gbólóhùn òtítọ́ nípa owó wà nínú ohun tí ẹ fẹ́ kọ.